Ẹ Jẹ́ Kí Ajá àti Ológbò Lé Eku, Kí Iná àti Oògùn Sinmi

 

Ọ̀rọ̀ eku ni mo mú wá lónìí. Kò sí àgbẹ̀ tí eku kò jẹ lóko rí. Òkété ń hú iṣu àgbìn nínú ebè. Ọ̀yà ń gé àgbàdo lulẹ̀. Àwọn eku kéékèèké ń tẹ̀lé ìkórè láti oko wá sí ilé. Wọ́n ń dá àpò lu, wọ́n ń tọ̀ sínú gàrí. Ohun tí a fi oṣù mẹ́fà ṣiṣẹ́ fún, eku lè fi òru díẹ̀ bà á jẹ́.

Kí ni a ń ṣe sí i? Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ti iná bọ igbó. Àwọn mìíràn ń da oògùn òwú sí ẹnu ihò, tàbí kí wọ́n pò ó mọ́ àgbàdo fún eku jẹ. Èrò tèmi ni pé ọ̀nà méjèèjì yìí ń pa wá lára ju bí wọ́n ti ń pa eku lọ. A ní olùrànlọ́wọ́ méjì tí ó sàn ju iná àti oògùn lọ. Àwọn ni ajá àti ológbò. Ṣùgbọ́n a kì í kọ́ wọn, a kì í sì í tọ́jú wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ rò nìyẹn.

INÁ KÒ MỌ ÀÀLÀ OKO

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, koríko á gbẹ. Àwọn ọ̀dọ́ á kó ara wọn jọ. Wọ́n á ti iná bọ igbó yíká, wọ́n á mú kùmọ̀ àti ajá dání, wọ́n á dúró de eku. Wọ́n lè pa mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ni iná náà jẹ?

Iná lè wọ oko kajú tí ẹnìkan ti tọ́jú fún ọdún mẹ́wàá. Ó lè jó aká iṣu. Ó lè jó ahéré. Ó lè jó koríko tí àwọn Fúlàní fi ń bọ́ màlúù, àti èyí tí àwa fi ń bo ilé. Lẹ́yìn náà ni ìjà á dé láàárín àwọn tí ó ń pọn omi nínú kànga kan náà. Òfin igbó ti ọdún 1993 ti fi ìlànà lélẹ̀ lórí iná igbó ní Benin. Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè pa iná.

Ẹ sì wo òkété. Ihò rẹ̀ jìn. Iná ń jó lórí ilẹ̀, òkété jókòó sí ìsàlẹ̀. Àwọn tí kò ní ihò jíjìn ni iná ń pa: ìjàpá, ọmọ ẹyẹ, ẹyin ẹtù. Nígbà tí igbó bá sì jó tán, tí oúnjẹ kò sí lóko mọ́, ibo ni eku tí ó ṣẹ́kù yóò lọ? Ilé wa ni.

OÒGÙN KÒ MỌ Ọ̀RẸ́

Oògùn tí a fi ń pa kòkòrò òwú, májèlé ni. Eku tí ó bá jẹ ẹ́ lè má kú lójú kan náà. Ó lè rìn jáde kí ó tó ṣubú. Ajá yóò rí i, yóò jẹ ẹ́, yóò sì kú. Ológbò náà yóò jẹ, yóò kú. Ọmọdé lè rí i, kí ó sun ún jẹ. Ta ni yóò mọ̀ pé oògùn wà nínú ẹran náà?

A kò gbọ́dọ̀ gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Borgou ní 1999 àti 2000. Oògùn òwú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ endosulfan ni wọ́n pín fún àwọn àgbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kú. Ẹlòmíràn jẹ oúnjẹ tí oògùn náà ti kàn, kò sì mọ̀. Ní 2011, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé fohùn ṣọ̀kan pé kí wọ́n mú endosulfan kúrò lórí ilẹ̀ ayé. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn ṣì wà nínú ahéré wa. Ẹni tí ó da oògùn sí ihò eku ń pa eku kan, ó sì ń pa ajá àti ológbò tí ì bá bá a pa ọgọ́rùn-ún.

ỌGBỌ́N ÀWỌN ARÁ ÒKÈÈRÈ

Ẹranko kan wà tí àwọn Faransé ń pè ní vison. Kò sí ní ilẹ̀ wa. Ara rẹ̀ gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ó mọ odò wẹ̀. Ó lè wọ ihò tí ajá kò lè wọ̀. Ní Utah, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Joseph Carter ń kọ́ vison láti dẹ eku pẹ̀lú ajá. Vison á wọ inú ihò. Ẹ̀rù á ba eku, á sá jáde. Ajá tí ó dúró lẹ́nu ihò á gbá a mú. Kò sí iná, kò sí oògùn.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí 2000 ọdún sẹ́yìn, ará Gíríìsì kan tí ń jẹ́ Strabo ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará Sípéènì ń rán ẹranko kékeré tí ó jọ vison sínú ihò ehoro, tí àwọn ọdẹ sì ń dúró de ehoro lókè.

Àwọn baba wa ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Vison kò lè sáré tó ajá. Ajá kò lè wọ ihò bíi vison. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́.

Kí ni ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà? Kì í ṣe pípa eku. Ajá ti mọ̀ ọ́n láti inú ìyá rẹ̀ wá. Ohun tí ó ṣòro ni kí ajá mọ̀ pé vison kì í ṣe eku. Nítorí náà, wọ́n ní láti jọ gbé pọ̀, kí wọ́n mọ òórùn ara wọn, kí ajá mọ̀ pé ará ilé ni ẹni tí ó wọ ihò yẹn.

Ṣé kí a lọ ra vison wá ni? Rárá o. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, èyí tí ó sá kúrò ní ọgbà àwọn tí ń sìn ín ti di ọ̀tá ẹyẹ àti ẹja odò wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2020, ìjọba Denmark ní kí wọ́n pa gbogbo vison tí wọ́n ń sìn lórílẹ̀-èdè náà, nítorí pé àrùn COVID ti wọ ara wọn, ó sì ń tara wọn ran ènìyàn. Wọ́n ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ọgbọ́n, kí a fi ẹranko náà sílẹ̀ fún wọn.

VISON TIWA

Nínú ilé, ológbò ni vison wa. Òun ni ó lè wọ àárín àpò, òkè àjà àti ẹ̀yìn ìkòkò. Ajá ń ṣọ́ àgbàlá. Eku tí ológbò bá lé jáde, ajá lè pa á. Ṣùgbọ́n nínú ilé púpọ̀, ajá ń lé ológbò dípò kí ó lé eku. Kì í ṣe ẹ̀bi ajá. A kò mú wọn mọra nígbà tí wọ́n kéré ni. Ẹ mú ọmọ ajá àti ọmọ ológbò wá sí ilé ní àkókò kan náà, kí ọmọ ajá tó pé oṣù mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn lójoojúmọ́. Kí abọ́ oúnjẹ wọn yàtọ̀. Kí ológbò ní ibi gíga tí ó lè gùn bí ajá bá fẹ́ ṣe é ní àṣejù. Wọn yóò di ọ̀rẹ́.

Ní oko, ọkọ́ ni vison wa. Òkété máa ń ní ju ẹnu ọ̀nà kan lọ. Kí ẹ tó gbẹ́lẹ̀, ẹ rìn yíká, ẹ wá gbogbo ẹnu ihò. Ẹ jẹ́ kí ajá gbóòórùn wọn. Òun ni yóò fi èyí tí òkété wà nínú rẹ̀ hàn yín. Ẹ fi òkúta dí àwọn yòókù. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí ajá dúró níbẹ̀. Kí ẹnìkan wá fi ọkọ́ gbẹ́ láti ẹ̀yìn. Ẹ má ti ọwọ́ bọ ihò láéláé. Ejò ń gbé inú ihò eku.

Oko ara wa ni mo ń sọ o. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni wọ igbó ìjọba, bíi ti Tchaourou-Toui-Kilibo, lọ dẹ ọdẹ láìgba àṣẹ.

BÍ A ṢE Ń KỌ́ AJÁ

Àwọn kan rò pé ẹgba ni a fi ń kọ́ ajá. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe ní Tanzania. Ẹgbẹ́ kan wà ní ìlú Morogoro tí ń jẹ́ APOPO. Òkété ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, irú òkété tí ó ń hú iṣu wa! Wọ́n ń kọ́ ọ láti gbóòórùn bọ́ǹbù tí àwọn ológun rì mọ́lẹ̀. Òkété fúyẹ́, bọ́ǹbù kì í bú bí ó bá gun orí rẹ̀. Òkété wọn bá wọn ṣiṣẹ́ ní Mozambique, orílẹ̀-èdè tí ó kéde ní 2015 pé òun ti mú gbogbo bọ́ǹbù tí òun mọ̀ nínú ilẹ̀ kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn òkété náà, Magawa, gba àmì ẹ̀yẹ wúrà ní 2020. Ẹgba kọ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bí ó bá ti ṣe dáadáa, wọ́n á fún un ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí ẹ̀pà. Bí a bá lè fi ẹ̀pà kọ́ òkété, kí ló dé tí a fi ń fi igi kọ́ ajá?

Ọ̀nà tí a lè gbà nìyí:

1. Ẹ yan ọmọ ajá tí ìyá rẹ̀ ń dẹ ọdẹ, tí kì í bu ènìyàn ṣán. Kí ó ti já lẹ́nu ọmú.

2. Ẹ sọ ọ́ ní orúkọ kúkúrú. Ẹ súfèé kan náà fún un nígbàkigbà tí ẹ bá fẹ́ fún un ní oúnjẹ. Kò ní pẹ́ tí yóò fi mọ̀ pé súfèé yẹn ń pe òun. Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá kọ́ ajá ní fèrè, báwo ni yóò ṣe gbọ́ ọ?

3. Ẹ fi okùn mú un sún mọ́ adìẹ àti ewúrẹ́. Bí ó bá fà sí wọn, ẹ dá a dúró. Bí ó bá mú ojú kúrò lára wọn, ẹ yìn ín, kí ẹ sì fún un ní òkèlè.

4. Nígbà tí ó bá pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ẹ mú un tẹ̀lé àgbà ajá tí ó mọ iṣẹ́. Ajá ń kọ́ lára ajá.

5. Bí ó bá pa eku, ẹ má fi ọwọ́ já a gbà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ fún un ní nǹkan mìíràn tí ó dùn mọ́ ọn, yóò ju eku sílẹ̀.

6. Ẹ fún un ní oúnjẹ lójoojúmọ́. Ajá tí ebi ń pa kì í dẹ ọdẹ fún olówó rẹ̀. Ẹyin adìẹ ni yóò máa wá kiri.

ÒKÚ EKU KÌ Í ṢE OHUN ÌṢERÉ

Ọ̀rọ̀ yìí le, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ibà Lassa bẹ́ sílẹ̀ ní Tchaourou níbí. Àwọn ènìyàn wa kú. Ṣáájú ìgbà náà, ní 2014, ó ti yọ ní agbègbè Tanguiéta. Orúkọ ìlú Lassa ní Nàìjíríà ni wọ́n fi pe àrùn náà, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1969.

Eku kékeré kan ni ó ń gbé e kiri. Ó ń gbé inú ilé àti inú oko. Ọmú abo rẹ̀ pọ̀, ó lè tó 24. Àrùn náà kì í pa eku yìí, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí eku bá tọ̀ sí oúnjẹ tí a jẹ, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kan egbò ọwọ́ wa, àrùn lè wọlé. Ó sì lè ti ara aláìsàn ran ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà lásán: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì. Àwọn kan á máa ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn kan tí ó yè á di adití.

Nítorí náà, bí ajá tàbí ológbò bá pa eku kéékèèké, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́, ẹ gbé e, ẹ sin ín jìnnà sí kànga. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Òkété àti ọ̀yà tí ẹ bá fẹ́ jẹ, ẹ fi ọ̀rá bo ọwọ́ kí ẹ tó là á, ẹ sè é jinná, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ. Ẹ máa da àgbàdo àti gàrí sínú ohun tí ó ní ìdérí. Bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn oògùn, ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ti fọwọ́ kan eku.

ABẸ́RẸ́ NI OWÓ IṢẸ́ AJÁ

Ajá ń ṣiṣẹ́ fún wa, kò gba owó. Mo gbà pé a jẹ ẹ́ ní gbèsè kan, gbèsè náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi. Káàkiri ayé, dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún. Nínú 100 tí ó ń kú, 95 wà ní Áfíríkà àti Éṣíà, ajá ni ó sì ń kó o ran gbogbo wọn àfi díẹ̀. Bí àrùn náà bá ti fara hàn lára ènìyàn, ikú ni. Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀.

Kí ajá gba abẹ́rẹ́ nígbà tí ó bá pé oṣù mẹ́ta, kí ó sì máa gbà á lọ́dọọdún. Kí ológbò náà gbà á. Bí ajá bá bu ènìyàn ṣán, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Lẹ́yìn náà, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi ewé tàbí epo dí egbò náà.

Ẹnìkan kò lè dá iṣẹ́ yìí ṣe. Àwọn onímọ̀ ní bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́ ní abúlé kan, àrùn náà kò ní rí ọ̀nà rìn mọ́. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ obìnrin da owó jọ, kí wọ́n pe dókítà ẹranko wá sí abúlé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ ìdènà dìgbòlugi káàkiri ayé. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ náà ṣe ọjọ́ ajá ní abúlé wa.

ÀWỌN TÍ KÒ NÍ GBÀ PẸ̀LÚ MI

Ẹnìkan yóò ní: “Iná yá ju ajá lọ.” Lóòótọ́, ó yá. Ó sì yá láti jó oko aládùúgbò. Ẹ ṣe ìṣirò kajú tí ó jóná, kí ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́ òkété mẹ́wàá.

Ẹlòmíràn yóò ní: “Oúnjẹ ènìyàn kò tó, ẹ ń sọ ti ajá.” Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n eku ti ń jẹ oúnjẹ náà láìtọrọ. Ohun tí ajá kan àti ológbò kan yóò jẹ, èèpá ìkòkò àti ìyókù ọbẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ má sin ajá márùn-ún tí ẹ kò lè bọ́. Ẹ sin ọ̀kan, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní: “Baba wa kò fún ajá ní abẹ́rẹ́.” Baba wa kò da oògùn òwú sí ihò pẹ̀lú. Wọ́n mọ ajá wọn, wọ́n sì ń sọ ọ́ ní orúkọ tí ó ní ìtumọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá wà ní ayé wọn, ọdẹ tí ó fẹ́ràn ajá rẹ̀ ì bá gbà á fún un.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ológbò nílé, ajá lóko, ọkọ́ lọ́wọ́, abẹ́rẹ́ lára ajá: bí wọ́n bá pé, eku yóò dínkù. Kí ọyẹ́ ọdún yìí tó dé, kí abúlé kọ̀ọ̀kan pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ JẸ́ KÍ A JỌ JÍRÒRÒ

1. Kí ni iná igbó bàjẹ́ ní abúlé wa ní ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá?
2. Níbo ni a ń tọ́jú oògùn òwú sí? Ṣé ọwọ́ ọmọdé lè tó o?
3. Ajá mélòó ni ó wà ní abúlé wa? Mélòó ni ó ti gba abẹ́rẹ́?
4. Ta ni yóò lọ bá dókítà ẹranko sọ̀rọ̀, ní ọjọ́ wo?